Orúkọ 214 lórí ìwé, èèyàn 131 lẹ́nu ọ̀nà: kí ni kí n fi wọ́n ṣe?

Ìyá Ìbejì (Kétu):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá la kó àwọn ìyá ọlọ́jà jọ ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin, a kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè máa fi WhatsApp tajà. Èèyàn 214 ló ti forúkọ sílẹ̀ lórí Google Forms. Ọmọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti aago tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dé: 131. Ìrẹsì igba èèyàn la sì ti sè! (Ẹ má bèèrè ibi tó gbà. Gbogbo àdúgbò ló yó lálẹ́ ọjọ́ náà.)

Ẹni tó fún wa lówó ń bèèrè bóyá ètò náà yọrí. Ǹ bá kọ "131 ló wá" kí n lọ sùn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bí mo ti gbójú sókè, ìdajì àga ti ṣófo. Kí ni mo lè rí fà yọ nínú orúkọ wọ̀nyí? Mo fi ìwé méjèèjì wé ara wọn nínú Excel, nọ́ńbà 47 péré ló bára mu. Ó rú mi lójú.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Nọ́ńbà yín kò sọnù. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 tí nọ́ńbà wa ti kúrò ní oní-8 di oní-10, tí 01 wọ iwájú, àwọn kan ṣì ń kọ ti àtijọ́, àwọn mìíràn á tún lẹ 229, nọ́ńbà orílẹ̀-èdè wa, mọ́ ọn. Ẹ pa gbogbo àlàfo rẹ́, kí ẹ fi 8 tó gbẹ̀yìn nìkan wé ara wọn. Bí Excel yín bá ń sọ Faransé bíi tèmi, DROITE ni ẹ ó tẹ̀ (RIGHT ni ti Gẹ̀ẹ́sì), òun ló ń mú èyí tó gbẹ̀yìn. Ẹ wo orúkọ pẹ̀lú o, torí ìyàwó mẹ́ta inú agbo ilé kan lè fi fóònù kan ṣoṣo forúkọ sílẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ìyá mi, aago tí ọmọ yín kọ yẹn ni kí ẹ dì mú. Ta ló ti wọlé kí ẹ̀kọ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, ta ló dé nígbà tí ìrẹsì ń ta sánsán? Aago tí wọ́n jáde ni ẹ ò kọ. Ẹ má fi ìbéèrè ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Àwọn tó fẹ́ràn yín nìkan ni yóò dáhùn. Ẹ mú nọ́ńbà bíi 20 láìṣà wọ́n, kí ẹ pè wọ́n, ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Ẹ má bèèrè "ṣé ó dára?" Ta ni yóò sọ fún ìyá pé kò dára? Ẹ bèèrè ohun tó ti tà lórí fóònù látìgbà náà.

Iye sì ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí olówó, kì í ṣe orúkọ àti nọ́ńbà. Òfin 2017-20 tó jáde lọ́dún 2018 ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn, àjọ APDP ló ń mójú tó o.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun. Mo ṣe DROITE, 47 di 118! Àwọn 13 yòókù kàn yà wọlé ni, wọn ò forúkọ sílẹ̀. Nínú 96 tí kò wá, Pọ́bẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ̀wé, a ò sì ronú kan ọkọ̀ rárá. Mo ti pe méje. Mẹ́ta nínú wọn ló wá, tí wọ́n sì jáde lẹ́yìn oúnjẹ, ohun kan náà ni wọ́n sì sọ: iná fóònù wọn ti tán, kò sí ibi tí wọ́n ti lè gba iná nínú gbọ̀ngàn wa.