Ìmọ̀ràn: Bàbá ẹlẹ́rọ ata, etí ń hó, ìgbọ́ràn ń lọ sílẹ̀

Ọmọ Ìlódè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá fún bàbá wa ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹni ọdún 64 ni wọ́n, ẹ̀rọ ata àti ẹ̀rọ ẹ̀lùbọ́ ni iṣẹ́ wọn. Etí méjèèjì ń hó bí omi orí iná, kì í dákẹ́, òru ló sì máa ń pọ̀ jù. Ìgbọ́ràn náà ń dínkù: wọ́n ń gbọ́ pé ènìyàn ń sọ̀rọ̀, wọn kì í gbọ́ ohun tó ń sọ. Ṣé oògùn wà fún híhó yìí? Ẹnì kan fẹ́ ta ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún wa lọ́jà, ẹbí kan ní London náà fẹ́ fi àlòkù ránṣẹ́. Èwo ni ká gbà?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ẹ kú àníyàn bàbá. Ẹ jẹ́ ká ti ibi oògùn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù. Kò sí oògùn tó ń pa híhó etí. Ginkgo àti zinc tí wọ́n ń polówó kiri, àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun ti Amẹ́ríkà sọ ọ́ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2014 pé kí dókítà má ṣe júwe wọn fún un.

Nínú etí lọ́hùn-ún, nínú egungun tó ká bí ìkarahun ìgbín, àwọn irun tíntìntín kan wà tó ń gbé ohùn fún ọpọlọ. Ariwo ẹ̀rọ ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì kú kì í hù mọ́. Ọpọlọ tí kò rí ohùn gbà láti ibẹ̀ yóò wá máa na etí kiri, bíi rédíò tí kò mú ibùdó kankan, ṣàà ni yóò máa dún. Ìdí nìyẹn tí híhó fi sábà máa ń lọ sílẹ̀ bí ìgbọ́ràn fúnra rẹ̀ bá rí ìrànlọ́wọ́. Àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ló kàn, kì í ṣe oògùn.

Àwọn ìgbà kan wà tí kò yẹ kẹ́ ẹ dúró de ọjọ́ klíníìkì. Bí etí bá dédé di láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an: oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dù tó lè gbà á là, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló wúlò jù. Bí híhó bá ń lù bí ọkàn ṣe ń lù (ẹ di ọrùn ọwọ́ bàbá mú kí wọ́n fi wé e), ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti iye ẹ̀jẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló ń hó tàbí tó ń wúwo, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ya MRI (àwòrán inú orí), ẹ má ṣe jiyàn.

Ẹ tún kó gbogbo oògùn tí bàbá ń lò sínú ọ̀rá kan. Gentamicin àti streptomycin, abẹ́rẹ́ tí àwọn kẹ́míìsì kan ń gún bí ẹni ń ta bísíkíìtì, lè pa irun etí wọ̀nyẹn pátápátá. Quinine àti àpọ̀jù aspirin náà ń mú etí hó, ṣùgbọ́n tiwọn sábà máa ń lọ lẹ́yìn tí a bá dá wọn dúró. Furosemide tí wọ́n ń lò fún ara wíwú ń dá kún un, pàápàá bó bá bá gentamicin pàdé. Ẹ má fúnra yín dá oògùn dókítà dúró o. Ẹ kàn rí i pé “etí wọn ń hó” ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ sọ kó tó mú bíró.

Ọmọ Ọ̀bọkún
Ní ti ibi tẹ́ ẹ ó gbà: OAUTHC (ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀) ní Ifẹ̀ àti ilé ìwòsàn Wesley Guild níbí ní Iléṣà, abẹ́ àkóso kan náà ni wọ́n. Ẹ béèrè ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun, ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ klíníìkì wọn àti bóyá ẹ̀rọ àyẹ̀wò ìgbọ́ràn ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ má baà fi owó ọkọ̀ ṣòfò.

Nǹkan méjì ló ń ba àyẹ̀wò náà jẹ́. Ariwo ni ọ̀kan: etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ máa ń kú tipiri fún wákàtí mélòó kan, èsì á wá burú ju bó ṣe rí lọ. Ó kéré tán, wákàtí 14 láìsí ariwo. Kí bàbá ti ẹ̀rọ pa ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìdọ̀tí etí ni ìkejì: kí wọ́n wo inú etí kí wọ́n tó gbé ohunkóhun lé e.

Inú yàrá tó pa rọ́rọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọn á máa gbé ohùn jáde láti orí èyí tó wà nísàlẹ̀ dé orí èyí tó tín-ín-rín, láti 250 dé 8000 Hz, bàbá á sì tẹ bọ́tìnì nígbàkígbà tí wọ́n bá gbọ́, bó ti wù kó kéré mọ. Kí wọ́n má ṣe méfò, kí wọ́n má sì dúró dìgbà tó bá ròkè. Lẹ́yìn náà, wọn á fi nǹkan kékeré kan ti egungun ẹ̀yìn etí. Ìyẹn ló ń yà á sọ́tọ̀ bóyá nǹkan ló dí ojú ọ̀nà (ìdọ̀tí, omi, awọ etí tó lu) àbí inú lọ́hùn-ún ló bà jẹ́. Dẹ́síbẹ́lì ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe gbọ́dọ̀ ròkè tó kí bàbá tó gbọ́ ọ: 20 sí 35 kò tíì le, 35 sí 50 wà láàárín, 50 sí 65 ti ń le, ju 65 lọ le gan-an. Ti ariwo ẹ̀rọ sábà máa ń gbẹ́ kòtò sí nǹkan bí 4000 Hz kó tó tàn káàkiri. Ẹ gba ìwé náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, ẹ tún àyẹ̀wò ṣe lọ́dọọdún kẹ́ ẹ lè fi tuntun wé ti àtijọ́.

Ìyá Aládìn
Ẹ kán àdín lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i, ẹ fi ìyẹ́ adìẹ rọra nù ún. Ohun táwọn àgbà ń ṣe nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ẹ ṣeun, Ìyá wa. Òróró ń rọ ìdọ̀tí tó ti gan, òótọ́ ni. Ti olífì ni kẹ́ ẹ lò, ẹ̀kán méjì sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, kó má gbóná rárá. Ṣùgbọ́n bí etí bá ń tú ọyún, tàbí tí awọ rẹ̀ ti lu, ẹ má kán nǹkan kan sí i. Ìyẹ́ adìẹ, igi ìṣáná, ìdérí bíró àti òwú orí igi, gbogbo wọn ń ti ìdọ̀tí wọlé sí i ni, ìyẹ́ tún ń kó àrùn wọ̀ ọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ariwo ló ba etí jẹ́, òróró ò dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Mẹkáníìkì Lágere
Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kankan nígbà tí ariwo ìdí ẹ̀rọ ṣì wà níbẹ̀, omi lẹ ń pọn sínú apẹ̀rẹ̀ yẹn.

Dẹ́síbẹ́lì 85 ni etí lè gbà fún wákàtí 8. Bó bá ti fi 3 lé, ẹ pín wákàtí sí méjì: 88, wákàtí 4; 91, wákàtí 2; 94, wákàtí kan; 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Ẹ̀rọ ata sì sábà máa ń ju 90 lọ. Bẹ́ ò bá ní ohun tẹ́ ẹ ó fi wọ̀n ọ́n, ẹ ní kí ẹnì kan dúró ní ìwọ̀n apá kan sí yín. Bó bá ní láti pariwo kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ, ó ti kọjá 85.

Ẹ wo sàlẹ́ńsà ẹ́ńjìnnì ná. Bó bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi páìpù gbé ẹnu rẹ̀ gba ara ògiri jáde síta, kó má kọjú sí ibi tí bàbá ń dúró. Bẹ́líìtì tó dẹ̀ á máa gbá ara rẹ̀, ẹ fà á le. Bíárìn tó ti jẹ máa ń han bí ológbò, owó rẹ̀ kéré sí owó etí. Ẹ ṣí bóòtì ìdí ẹ́ńjìnnì, ẹ gé táyà àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún un dè, kí kọnkéré má baà máa dún pẹ̀lú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù onípáànù ló burú jù torí páànù ń da ariwo padà. Ní gbangba, bí ibi tẹ́ ẹ dúró sí bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, nǹkan bíi dẹ́síbẹ́lì 6 á lọ, nítorí náà kí oníbàárà dúró síta, kí bàbá náà sún sẹ́yìn tí wọ́n bá ti da ata sí i tán.

Fún etí, fóòmù tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ dára, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rọ ata ni bàbá. Ọwọ́ ata nínú etí, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Èyí tó ń bo gbogbo etí bíi hẹ́dífóònù ni kẹ́ ẹ rà, kó sì di orí pinpin; bí apá awò ojú tàbí fìlà bá gbé e sókè, ariwo á gba ibẹ̀ wọlé. Nọ́ńbà ààbò tó wà lára páálí (iye dẹ́síbẹ́lì tí wọ́n ní ó ń dín kù), nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbọ́kàn lé. Bí wọ́n bá délé, kí wọ́n bọ́ ọ. Ẹni tó bá ń dí etí níbi tó dákẹ́, híhó rẹ̀ á máa pọ̀ sí i ni.

Onígángan
“Wọ́n ń gbọ́ pé ènìyàn ń sọ̀rọ̀, wọn kì í gbọ́ ohun tó ń sọ.” Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí, torí ó kan gbogbo ilé.

Àmì ohùn Yorùbá wà ní ìsàlẹ̀, láàárín nǹkan bíi 100 sí 300 Hz, ibi tí ariwo kì í tètè dé. Kọ́ńsónáǹtì s, ṣ, f, t, k wà lókè, lẹ́bàá kòtò 4000 Hz tí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, bí gángan ṣe ń sọ Yorùbá ni bàbá ṣe ń gbọ́ ọ: ohùn wà, kọ́ńsónáǹtì ti lọ. “Ó tà á”, “ó kà á”, “ó fà á”, “ó ṣà á”, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ̀fọ́ lè di ẹ̀ṣọ́. Bẹ́ ẹ fi igbe tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, fáwẹ́lì nìkan ni igbe ń mú tóbi, ó sì ń ro etí tó ti bà jẹ́.

Ohun tí onílù ń ṣe ni kẹ́ ẹ ṣe. Onílù kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ènìyàn, á fi gbólóhùn gùn ún títí ẹni náà á fi mọ̀ pé òun ni. Dípò “ó ti tà á”, ẹ ní “ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò ti sanwó, ó ti wà á lọ”. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kí wọ́n wojú yín, ẹ dúró ní nǹkan bíi mítà kan, kí ìmọ́lẹ̀ wà lójú yín, kì í ṣe lẹ́yìn yín. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n ná. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n jókòó síbi tí wọ́n ti lè rí ẹnu oníwàásù, kó jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Owó, ọjọ́ àti orúkọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá Bátìrì
Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, tó ní bọ́tìnì kan ṣoṣo, ẹ fi sílẹ̀. Gbogbo ohùn ló ń gbé sókè, ti ẹ̀rọ àti ti ènìyàn, láìwo ìwé bàbá. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti gbà kí ènìyàn máa rà á láìsí ìwé dókítà láti oṣù kẹwàá 2022, àgbàlagbà tí etí rẹ̀ kò tíì le púpọ̀ nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda fún, wọn ò sì gbà kó kọjá dẹ́síbẹ́lì 111, tàbí 117 fún èyí tó ń dín ohùn ńlá kù fúnra rẹ̀. Páálí ti ọjà kì í sọ ibi tí tirẹ̀ dúró.

Àlòkù London sàn jù ú lọ, bó bá ṣeé tún ṣètò. Kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, ẹ gba orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é àti nọ́ńbà ara rẹ̀, ẹ fi han onímọ̀ ìgbọ́ràn tẹ́ ẹ fẹ́ lò, ẹ bi í bóyá ó ní sọ́fítíwíà àti wáyà rẹ̀, àti bóyá agbára rẹ̀ tó etí bàbá. Bí èsì bá jẹ́ rárá, kí London fi owó ránṣẹ́. Rọ́bà inú etí ti ẹni àkọ́kọ́ kò wúlò fún bàbá: wọ́n ní láti fi silicone mú àwòrán etí tiwọn kí wọ́n fi ṣe tuntun.

Bó bá ń súfèé, rọ́bà yẹn ló sábà máa ń jẹ́: kò jókòó dáadáa, tàbí ìdọ̀tí dí i, tàbí ọ̀pá rẹ̀ ti gan tó sì sán. Ọ̀pá yẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Bí ẹ bá fẹ́ fọ rọ́bà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ ná, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fẹ́ omi inú ọ̀pá jáde, ẹ jẹ́ kó sùn síta. Ẹ má fi sípíríìtì nù ún. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan omi. Lásìkò òjò, ẹ ṣí ilé bátìrì rẹ̀ sílẹ̀ lóru, kẹ́ ẹ fi í sínú ike onídèérí pẹ̀lú àwọn àpò silica gel inú páálí bàtà.

Bátìrì: 10 aláwọ̀ yẹ́lò, 312 búráùn, 13 ọsàn, 675 búlúù. Afẹ́fẹ́ ló ń jí i. Ẹ bó ìlẹ̀mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ dúró ní ìṣẹ́jú kan sí márùn-ún kẹ́ ẹ tó fi sí i. Bí ẹ bá ti bó o, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kú nìyẹn, lílẹ̀ ẹ́ padà kò dá a dúró. Ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́ kíákíá, nítorí náà ẹ má rà á jọ. Bí ọmọdé bá gbé e mì, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Kí bàbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí méjì sí mẹ́rin lóòjọ́ nínú ilé, kí wọ́n máa fi kún un fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ohùn tiwọn bá ń dún bí ẹni tó kirí bọ àmù, wọ́n lè lu ihò sí rọ́bà náà, ẹ padà sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà nínú dúrọ́ọ̀ lónìí, nítorí ohun kékeré yìí ni. Lórí fóònù, òkè etí níbi tí ẹ̀rọ ti ń gba ohùn ni kí wọ́n gbé fóònù sí, kì í ṣe ihò etí.

Ọmọ Ìlódè
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ ò ní ṣìṣe. Òru ńkọ́? Àti pé iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa, ṣé èyí tí wọ́n ń fi iná ṣááji dára?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Fún òru, kí yàrá má ṣe dákẹ́ pátá. Fáànù, tàbí ohùn òjò lórí fóònù, tàbí rédíò onibátìrì ní àárín ibùdó méjì. Ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀ sí híhó náà, kó má bò ó mọ́lẹ̀, kí ọpọlọ lè máa gbọ́ méjèèjì pọ̀, kó sì fi híhó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ló ń gbà. Bí ọkàn wọn bá ń dààmú tàbí tí oorun kò wá rárá, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tí wọ́n ń pè ní CBT kì í dín híhó kù, ìdààmú rẹ̀ ló ń dínkù. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

Ọ̀gá Bátìrì
Fún ilé tí iná kì í dúró, èyí tó ń lo bátìrì 13 tàbí 675 ni kẹ́ ẹ mú. Ìka ẹlẹ́rọ á lè di bátìrì ńlá mú, 10 ti kéré jù fún wọn. Ẹ tọ́jú páálí kan sílé, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀kan sínú àpò bàbá.