Lotus Elise àlòkù: ẹ́ńjìnnì Rover ni àbí ti Toyota?
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ mọ́tò eré, ẹ gbà mí o. Lotus Elise méjì ló wà níwájú mi: ti 2002 tó ní ẹ́ńjìnnì Rover K-Series, àti ti 2005 tó gbé Toyota 2ZZ. Lítà 1.8 ni ẹ́ńjìnnì méjèèjì, àmọ́ agbára ẹṣin Toyota fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 190, ti Rover ò ju bíi 120 lọ.

Mo ti wa méjèèjì. Toyota kì í jí dáadáa àfi tí yíyí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bá kọjá 6,000 ní ìṣẹ́jú kan. Rover ń jẹ́ ìpè láti ìsàlẹ̀, òun gan-an lọkàn mi fà sí. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ (èyí tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti búlọ́ọ̀kù ẹ̀), tí gbogbo ayé ń sọ pé ó máa ń bàjẹ́, ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ṣí ìdérí ọ́ìlì, n ò rí ìfófòó funfun tó lè fi hàn pé omi ti wọnú ọ́ìlì níbẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní àwọn ti pààrọ̀ ẹ̀, kò kàn ní rìsíìtì. (Ẹnu dùn ún ròfọ́!)

Kí ni mo lè yẹ̀ wò kí n tó sanwó, tó máa fi hàn pé wọ́n pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn lóòótọ́?