Ọmọ kíláàsì mi ń fi oúnjẹ sílẹ̀ nítorí Lẹ́ńtì. Báwo lẹ ṣe ń kọ́ wọn?

Tíṣà Pírámárì Kejì, Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi ju bí ọ̀gá mi ṣe bú mi lọ.

Ọmọ 23 ni mo ní ní kíláàsì lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni Ọjọ́rú Eérú, ọjọ́ tí Lẹ́ńtì máa ń bẹ̀rẹ̀, bọ́ sí. Ọmọ mẹ́ta wọlé pẹ̀lú eérú níwájú orí, ni ariwo bá sọ. Ọ̀kan ní, "Tíṣà, ẹ wò ó, wọn ò bọ́jú fún un!" Mo ní CRS (ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni) lọ́jọ́ yẹn, mo bá pa ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn tì, mo kọ́ wọn ní Lẹ́ńtì. Mo ní Jésù lọ sí aginjù, ó gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́, ìdí nìyẹn tí àwa náà fi ń gbààwẹ̀ kí Àjíǹde tó dé. Ọ̀rọ̀ mi kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà bíréèkì, ọmọkùnrin kan ṣí kúlà rẹ̀. Ìrẹsì jọ̀lọ́fù ni, pẹ̀lú ẹyin kan lórí rẹ̀. Ó wò ó títí, ó sì dé e padà. Mo ṣèbí inú ló ń run ún. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyá rẹ̀ dé pẹ̀lú báàgì ọmọ náà. Ìrẹsì Tọ́sìdeè àti ti Fúráídè ló wà nísàlẹ̀ báàgì, ó ti ń rùn, ìwé tí ọmọ fà ya nínú nóòtù CRS ló fi wé e. Ìyá ní ta ló ní kí n máa febi pa ọmọ òun, pé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn kì í tilẹ̀ ṣe Lẹ́ńtì. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Èyí tó tún wá dùn mí jù: ọmọbìnrin kan lọ ka kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ó ní, "Mà, kì í ṣe ogójì o, 46 ni." Mo ní kó lọ jókòó.

Lẹ́ńtì ti tún dé tán, ọjọ́ 18 oṣù Kejì ni Ọjọ́rú Eérú lọ́dún 2026. Kí ni kí n sọ fún wọn tí kò ní di ọ̀rọ̀ ebi?

Bàbá Katikísì, Òndó

Tíṣà, ọmọbìnrin yẹn ló jàre. Láti Ọjọ́rú Eérú dé Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ọjọ́ 46 ni. Ẹ yọ Sọ́ńdè mẹ́fà kúrò níbẹ̀, torí ọjọ́ tí Olúwa jí dìde ni Sọ́ńdè, a kì í kà á mọ́ ààwẹ̀. Ó ku ogójì.

Ní ti oúnjẹ, lọ́dọ̀ àwa Kátólíìkì, òfin ààwẹ̀ kò mú ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ti pé ká má jẹ ẹran, ọmọ ọdún 14 ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí òfin ìjọ kò bá mú ọmọ ọdún méje, kí ni tíṣà wá ń mú un fún?

Eérú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ tí a gbé lọ́wọ́ ní Sọ́ńdè Ọ̀pẹ lọ́dún tó kọjá la máa ń sun. Ẹ mú imọ̀ tútù kan àti gbígbẹ kan wọ kíláàsì, kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ọmọ Òndó wo ni kò mọ ọ̀pẹ?

Ìyá Hábíbù

Mùsùlùmí ni mí, ẹ jẹ́ n dá sí i. Lọ́dún 2025 yẹn, Ràmàdáánì àti Lẹ́ńtì jọ wọ ara wọn ni. Ọmọ mi ọkùnrin ń gbààwẹ̀ dé ìrun ọ̀sán, mo máa ń ní kó wá jẹun, pé tiẹ̀ ti pé. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín ti rí irú rẹ̀ lára ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ sọ fún wọn pé ìyá ọmọ ló ń sọ ìwọ̀n tí ọmọ lè gbà.

Olùgbé Ìjàpọ̀

Níbo ni Lẹ́ńtì wà nínú Bíbélì? Ẹ kọ́ wọn ní Bíbélì, kó tán.

Màmá Tíṣà, Ìjòmu (mo ti fẹ̀yìn tì)

Ará Ìjàpọ̀, orúkọ yẹn kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ogójì ọjọ́ wà nínú Mátíù orí kẹrin. Tíṣà, ọmọ mi, ibi tó o ti ṣì í ni "àwa náà". Kíláàsì kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. "Àwọn Kátólíìkì àti Áńgílíkà ń ṣe é, àwọn mìíràn kì í ṣe é" ni èmi máa ń sọ, kò sì sí òbí tó wá bá mi jà rí.

Àsìkò agbálùmọ̀ ni Lẹ́ńtì máa ń bọ́ sí níbí. Ní kí wọ́n kó kóró rẹ̀ wá, kí ẹ ka ogójì sínú agolo mílíìkì. Òòjọ́ kan, kóró kan. Ti Sátidé, ẹ yọ ọ́ ní Mọ́ńdè, ẹ má yọ ti Sọ́ńdè rárá. Ojú wọn á máa rí i bó ṣe ń dínkù. Má fọwọ́ kan oúnjẹ tí ìyá wọn sè. Owó bisikíìtì ni kí ẹni tó bá wù máa jù sínú kóló, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí àwọn fúnra wọn sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fún. Tèmi rà ọṣẹ fún ìyá tó ń gbálẹ̀ ilé ìwé wa. Ó sunkún.

Tíṣà Pírámárì Kejì, Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun gan-an ni, mà, sà. Mo ti ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó kóró. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún, oje agbálùmọ̀ ti lẹ̀ mọ́ gbogbo tábìlì, ẹni méjì sì ń jẹ ẹ́ ní ṣíngọ́ọ̀mù lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo tún lọ bá ọmọbìnrin yẹn ní Pírámárì kẹta. Mo ní ìwọ lo jàre lọ́dún yẹn, 46 ni. Ó ní, "Mo mọ̀, mà."