Ìwé wo gan-an ni Truman fi pàṣẹ pé kí wọ́n ju àdó olóró sí Hiroshima?

Akẹ́kọ̀ọ́Ìtàn:
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Pírójẹ́ẹ̀tì mi dá lórí bí Ààrẹ Harry Truman ṣe gbà pé kí wọ́n lo àdó olóró átọ́míìkì ní Japan lọ́dún 1945. Mo rí ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní 31 oṣù Keje, pé kí wọ́n gbé e jáde tó bá ti wà ní sẹpẹ́, àmọ́ kó má ṣáájú 2 oṣù Kẹjọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní àṣẹ náà nìyẹn. Olùkọ́ mi ò gbà, ó ní kí n lọ wá ìwé tí wọ́n kọ lásìkò yẹn gan-an. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Mi ò lówó ọkọ̀ òfúrufú dé Amẹ́ríkà o.

Akọ̀wéÀgbà:
Àbúrò, òótọ́ ni olùkọ́ rẹ sọ. Ẹ̀yìn wáyà kan ni Truman kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí, ẹ̀yìn yẹn nìkan ni gbogbo ayé sì ń gbé kiri. Wá iwájú rẹ̀ kà. Stimson, mínísítà ọ̀rọ̀ ogun, ló tẹ wáyà náà sí i ní 30 oṣù Keje, nígbà tí Truman wà níbi ìpàdé tóun àti olórí ilẹ̀ Bìrìtéènì àti Soviet ṣe ní Potsdam, ní Jámánì. Ọ̀rọ̀ ìkéde tí ààrẹ máa fi léde lẹ́yìn tí àdó bá ti bú ni Stimson ń bá a sọ. Ìkéde yẹn ni Truman ní kí wọ́n gbé jáde.

Àṣẹ ti lọ ṣáájú ìyẹn, ní 25 oṣù Keje. Ọ̀gágun Thomas Handy, tó ń di ipò Marshall, olórí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀, mú ní Washington, ló buwọ́ lù ú, ó sì fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gágun Carl Spaatz, tó ń darí àwọn ọkọ̀ òfúrufú ajubọ́ǹbù ní Pàsífíìkì. Ó ní kí ẹgbẹ́ 509, ìyẹn ẹgbẹ́ ọkọ̀ òfúrufú tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àdó yìí, ju àdó àkọ́kọ́ nígbà tí ojú ọjọ́ bá ti mọ́ tó láti rí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bíi 3 oṣù Kẹjọ, sórí ọ̀kan nínú Hiroshima, Kokura, Niigata àti Nagasaki. Fara balẹ̀ ka ìpínrọ̀ kejì: àwọn àdó yòókù, kí wọ́n máa jù wọ́n bí wọ́n bá ṣe ń wà ní sẹpẹ́. Ìdí nìyẹn tó ò fi ní rí àṣẹ ọ̀tọ̀ fún Nagasaki. Stimson àti Marshall ni ìwé náà sọ pé wọ́n fọwọ́ sí i, kò ka ààrẹ mọ́ wọn. Tí pírójẹ́ẹ̀tì rẹ bá dúró lórí wíwá ìbuwọ́lù Truman, tètè yí ìbéèrè rẹ padà: báwo ni ìpinnu náà ṣe dọ́wọ́ àwọn ológun láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀?

ÀpótíÌwé:
Ní ti ibi tí wọ́n wà: ẹ kọ́kọ́ lọ sí trumanlibrary.gov. Ilé ìkówèésí Truman tó wà ní Independence, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ló ni ín. Wáyà yẹn wà nínú ìwé George Elsey, tó bá Truman ṣiṣẹ́ ní White House, níbẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àpótí ìwákiri nìkan, torí kọ̀ǹpútà kì í sábà ka ìkọ̀wé ọwọ́, ohun tẹ́ ẹ sì ń wá lè wà ní etí ìwé tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣí ìwé atọ́nà àkójọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìwé tó to ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa wo àkọlé fáìlì níkọ̀ọ̀kan. Ó ń gba àkókò, àmọ́ kò sí ọ̀nà àbùjá.

history.state.gov náà wà. Ìdìpọ̀ méjì gbáko ni wọ́n tẹ̀ lórí ìpàdé Potsdam, ọ̀fẹ́ sì ni. National Security Archive tó wà ní George Washington University ti ṣa ọ̀pọ̀ ìwé tó jẹ mọ́ àdó yìí jọ sójú kan, pẹ̀lú àlàyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní National Archives. Aládàáni ni ti yunifásítì yẹn, ti ìjọba ni èkejì. Àṣìṣe yìí pọ̀ nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

ÌyáàfinÌtàn:
Ẹ kíyè sí ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé ìrántí tí Truman tẹ̀ jáde lọ́dún 1955, ó ní ìdajì mílíọ̀nù ọmọ Amẹ́ríkà ni ì bá kú tí wọ́n bá gba orí ilẹ̀ wọ Japan. Àmọ́ ka àkọsílẹ̀ ìpàdé 18 oṣù Kẹfà 1945 ní White House, níbi tí wọ́n ti jíròrò ìkọlù náà níwájú rẹ̀. Ẹ ò ní rí iye yẹn níbẹ̀. Èyí ò sọ ọ́ di òpùrọ́ o, àmọ́ ẹ ò lè fi ọ̀rọ̀ 1955 ṣe ẹ̀rí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ní 1945.

Ohun tó kọ lásìkò náà gan-an pàápàá ń fẹ́ àyẹ̀wò. Ní 25 oṣù Keje, ó kọ sínú ìwé ojoojúmọ́ rẹ̀ pé òun ti sọ fún Stimson pé ológun ni kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ, kì í ṣe obìnrin àti ọmọdé. Ọjọ́ kan náà ni ìwé Handy jáde, orúkọ ìlú ló sì wà nínú ìyẹn. Ibi tí àwọn méjèèjì ti takora ni mo máa fi orí kan pírójẹ́ẹ̀tì náà dá lé.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìtàn:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Tí ìwé kan ò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ṣé kò sì sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ rárá pé ó di dandan kí ààrẹ fọwọ́ sí i?

ÀpótíÌwé:
Ẹ kọ lẹ́tà íméèlì sí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkówèésí Truman. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n fi gbogbo ohun tó jẹ mọ́ àdó ránṣẹ́, ìwé atọ́nà ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Orúkọ àkójọ, nọ́ńbà àpótí, àkọlé fáìlì àti ọjọ́ ni kẹ́ ẹ fún wọn. Ohun kan náà lẹ máa kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé yín, torí líǹkì máa ń kú. Ẹ má sì fi òfin òmìnira ìròyìn, tó ń jẹ́ kí aráàlú béèrè ìwé ìjọba, halẹ̀ mọ́ wọn: ẹ̀bùn ni ìwé Truman, òfin 1978 tó sọ ìwé ààrẹ di ti ìjọba bẹ̀rẹ̀ látorí Reagan.

Akọ̀wéÀgbà:
Ó wà, àbúrò. Ní 10 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ kejì Nagasaki, Ọ̀gágun Groves, tó ń darí iṣẹ́ ṣíṣe àdó náà, kọ̀wé sí Marshall pé àdó tó kàn máa wà ní sẹpẹ́ lẹ́yìn 17 tàbí 18. Marshall fọwọ́ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ jù ú sí Japan láìjẹ́ pé ààrẹ fúnra rẹ̀ pàṣẹ. Ó wà nínú àkójọ National Security Archive. Wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé, má dúró síbi tí wọ́n fi táípù tẹ̀.