Táǹkì ọ́ìlì dry sump fún Corvette C5: ọ́ìlì ń hó, géèjì ń já, kí ni kí n ṣe?

ỌmọÌgbógbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa mọ́tò. Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mo wà. Mo ní Corvette C5 ọdún 2001, tòkunbọ̀, ọdún mẹ́ta ni mo fi dá àjọ kí n tó rà á, mo sì fẹ́ràn ọkọ̀ yìí débi pé tí nǹkan bá ṣe é, oúnjẹ kì í wọ̀ mí lẹ́nu. Lọ́dún tó kọjá ẹ́ńjìnnì LS1 tó bá a wá nọ́ọ̀kì, bẹ́ríǹ kọ́nrọ́ọ̀dù ló jẹ tán. Ọ́ìlì wà níbẹ̀ o, mo fa ọ̀pá ìwọ̀n ẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó pé. Pápá tí wọ́n dí pa fún wa la ti ń sáré, mi ò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò lójú títì Itóìkín níbi tí ọ̀kadà àtàwọn ọmọ iléèwé ń gbà kọjá. Mo ń ya kọ̀nà gígùn kan sápá ọ̀tún, mo kàn rí i tí abẹ́rẹ́ géèjì ọ́ìlì já wálẹ̀, ọkọ̀ tọ́, ó tún gbéra, mo tún ya, ó tún já. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹrin ni mo gbọ́ "kà kà kà" lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n wá là mí lóye pé sọ́ǹpù C5, ìyẹn àwo tó ń gba ọ́ìlì sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ní apá méjì tó yà sọ́tùn-ún sósì bí ìyẹ́, tí kọ̀nà bá gùn ọ́ìlì á sá lọ sínú apá kan á jókòó síbẹ̀, ẹnu pọ́ǹpù á wá máa fa afẹ́fẹ́. Ìyẹn ni mo ṣe pinnu pé dry sump ni mo máa ṣe sí ẹ́ńjìnnì tuntun, ìyẹn kí ọ́ìlì máa gbé nínú táǹkì ọ̀tọ̀ dípò inú sọ́ǹpù. Mo ti rí pọ́ǹpù ìta tó ní ìpele mẹ́ta rà, ọ̀kan ń ti ọ́ìlì lọ sẹ́ńjìnnì, méjì ń fà á kúrò nísàlẹ̀, mo sì ti rí sọ́ǹpù pẹlẹbẹ tó bá a mu. Táǹkì ló kù tí mo ní kí wẹ́dà kan ládùúgbò wa bá mi ṣe, ó fi alumíníọ̀mù ṣe é ní onígun mẹ́rin, kúkurú, ó fẹ̀, lítà 12 ló ń gbà, mo gbé e sí búùtù lẹ́yìn torí ibẹ̀ láyè.

Àná la tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Géèjì ń gbọ̀n, kò dúró lójú kan. Mo pa á, mo ṣí ìdérí táǹkì, ọ́ìlì inú ẹ̀ ń hó bí ẹmu òwúrọ̀, ó ti funfun lójú, mo tẹ ìka bọ̀ ọ́, ìfófó ló bá mi lọ́wọ́. Mi ò tíì wà á kúrò níbi tó wà. Ṣé táǹkì yẹn kéré ni àbí kí n pààrọ̀ ọ́ìlì? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, mi ò lówó ẹ́ńjìnnì kẹta.

BàbáẸ̀pẹ́:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. O ṣe dáadáa tó o pa á kíá tó ò sì wà á, má tan án mọ́. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, Porsche 911 àtijọ́, àwọn tí afẹ́fẹ́ ń tu ẹ́ńjìnnì wọn, ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ṣe, láti 1964 tí wọ́n ti ń ṣe 911 ló ti ń lo táǹkì ọ́ìlì tó dá dúró, torí náà ohun tó ń ṣe ẹ yìí mo mọ̀ ọ́n.

Lítà 12 kò kéré, ọ́ìlì yẹn náà ò ṣẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe táǹkì ẹ ni ò dáa. O rò pé ibi tí ọ́ìlì á ti máa sinmi lo ṣe, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ táǹkì ni kó ya afẹ́fẹ́ kúrò lára ọ́ìlì kó tó padà sẹ́ńjìnnì. Wò ó, ìpele méjì tó ń fa ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, agbára wọn ju ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ lọ, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn kí sọ́ǹpù lè gbẹ, àmọ́ ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ọ́ìlì pẹ̀lú afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni wọ́n jọ ń tì wá sínú táǹkì. Táǹkì ẹ wá kúrú, ó fẹ̀, ọ́ìlì á já lu ọ́ìlì tó wà nílẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tó ń bọ́ sínú garawa, kí afẹ́fẹ́ tó ráyè gòkè ẹnu ìsàlẹ̀ ti fà á lọ. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mi géèjì ẹ.

Gíga ni kó ga, kó rí róbótó, kó tẹ́ẹ́rẹ́. Tó o bá ṣe é ní ínǹṣì 7 ní fífẹ̀, ínǹṣì 18 ní gíga, á gbà tó lítà 11, kó o wá rọ bíi lítà 8 sínú ẹ̀, ìyókù fi í sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, má rọ ọ́ kún láéláé. Ẹnu tí ọ́ìlì ń gbà wọlé, apá òkè ni kó wà, kó má sì dojú kọ àárín, kó fẹ̀gbẹ́ wọlé kí ọ́ìlì lè máa fara ra ògiri táǹkì, kó máa yí po lọ sísàlẹ̀. Bó ṣe ń yí yẹn, ọ́ìlì tó wúwo á lẹ̀ mọ́ ògiri, afẹ́fẹ́ á kó ara ẹ̀ jọ sáàárín á sì gòkè. Gbogbo ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀ nìyẹn. Ẹnu tó ń bọ́ọ̀ sí pọ́ǹpù, ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ti ibi tó o máa gbé e sí, wo ohun tí àwọn tó ṣe Corvette ṣe fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n gbé C6 Z06 jáde ní 2006 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì LS7 lítà 7, wọ́n gbé bátìrì lọ sẹ́yìn, wọ́n wá fi táǹkì ọ́ìlì sí àyè bátìrì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kúọ́ọ̀tì 8 ni ọ́ìlì ẹ̀ nígbà yẹn (kúọ́ọ̀tì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan), nígbà tó di ti 2009 wọ́n sọ ọ́ di 10.5. Bátìrì C5 tìẹ náà, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló wà lápá ọ̀tún. Ṣe bíi tiwọn.

Ohun kan tún wà tí mi ò ní gbàgbé sọ. Ní 1972 Porsche gbé táǹkì 911 síwájú táyà ẹ̀yìn ọ̀tún, wọ́n ṣí ojú ìdérí kékeré sí ara ọkọ̀ níta, àwọn èèyàn wá ń da bẹntiróò síbẹ̀. Nígbà tó di 1973 wọ́n dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ ló máa ṣí i tó máa da omi sí i, á rò pé rẹ́díétọ̀ ni. Kọ ỌÌLÌ gàdàgbà sórí ìdérí yẹn.

ỌmọÌgbógbó:
Bàbá, ẹ ṣeun ẹ ṣeun, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Mo ti lọ wọn àyè bátìrì, ínǹṣì 18 á wọ̀ ọ́ tí mo bá yí ìdúró ẹ̀ díẹ̀. Ṣé kí n ra èyí tí wọ́n ti ṣe lókè òkun ni àbí kí n tún ní kí wọ́n wẹ́dì òmíràn níbí? Èyí tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ẹ̀ pẹ̀lú owó tí wọ́n fi máa gbé e dé, ó wọ́n.

Wẹ́dàÒdogùnyàn:
Bọ̀ọ̀dá Ìgbógbó, a lè ṣe é níbí. Gáàsì ágọ̀nù ni mo fi ń wẹ́dì alumíníọ̀mù ní Òdogùnyàn, mo ti ṣe táǹkì bíi mẹ́ta irú èyí tí bàbá júwe. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e fún wẹ́dà kankan, ẹ dúró tì í, ẹ jẹ́ kó fi àwo alumíníọ̀mù oníhò méjì há inú ẹ̀ kó tó lẹ òkè ẹ̀ pa. Ọ̀kan á wà lábẹ́ ibi tí ọ́ìlì ti ń wọlé, ìkejì bíi ínǹṣì 3 sókè ẹnu ìsàlẹ̀, òun ni kò ní jẹ́ kí ọ́ìlì sá kúrò nídìí ẹnu yẹn tẹ́ ẹ bá tẹ búréèkì lójijì. Táwọn yẹn ò bá sí níbẹ̀, wàhálà sọ́ǹpù tẹ́ ẹ ń sá fún lẹ tún gbé sínú táǹkì yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ìdọ̀tí. Èyí ká mi lára torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ṣe táǹkì fún oníbàárà kan, mo fi kẹrosíìnì ṣan án lẹ́ẹ̀kan mo ní ó ti tó, ẹ̀rún wẹ́dì kékeré kan tó bí ìrẹsì ṣẹ́kù sínú kọ̀rọ̀, ó gba inú pọ́ǹpù lọ, ó ha inú ẹ̀ yánnayànna. Èmi ni mo ra pọ́ǹpù míì fún un. Látìgbà yẹn ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń ṣan án, mo ń gbọ̀n ọ́n, mo ń fi hámà onírọ́bà gbá a lára yíká, mo ń fẹ́ ẹ, mo wá ń da kẹrosíìnì tó kẹ́yìn gba orí aṣọ funfun kọjá. Tí nǹkan bá dán lórí aṣọ yẹn, a tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi mágínẹ́ẹ̀tì tan ara yín o, mágínẹ́ẹ̀tì kì í gbé alumíníọ̀mù. Kẹ́ ẹ sì fi síkírìn sójú ọ̀nà láàárín sọ́ǹpù àti pọ́ǹpù, ìkọ̀ọ̀kan fún ìpele méjèèjì tó ń fà.

Tó bá kan gbígbé e mọ́ ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ́dì táǹkì mọ́ ara ọkọ̀ tààrà, gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á là á. Bẹ́líìtì irin méjì ni, òkè àti ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi rọ́bà sí abẹ́ ẹ̀ yíká. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó jìnnà sí páìpù èéfín.

ỌmọÀgbádárìgì:
Ẹ kú ìjíròrò o. Àgbádárìgì ni mo wà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo ń tún ṣe ṣùgbọ́n mo ti bá wọn ṣe dry sump sí ọkọ̀ ìsáré méjì. Mo kí bàbá Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà. Ní ti búùtù, àwọn ọkọ̀ ìsáré kan ń gbé e síbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ tí hóòsì bá nípọn tó, àmọ́ C5 onílẹ̀kùn ẹ̀yìn, kò sí ògiri láàárín búùtù àti ibi tí awakọ̀ jókòó. Ọ́ìlì gbígbóná tó ju 100°C lọ ló máa wà lẹ́yìn orí yín. Tí hóòsì kan bá já, ara yín ló máa dà sí. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Hóòsì gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí torí mo rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì dé bẹ̀. Èyí tó wà láàárín táǹkì àti pọ́ǹpù, kò sí nǹkan tó ń ti ọ́ìlì níbẹ̀, fífà ni pọ́ǹpù ń fà á. Torí náà kó kúrú, kó fẹ̀, kó má ní kọ̀nà tó ṣẹ́, kí ìsàlẹ̀ táǹkì sì ga ju ẹnu pọ́ǹpù lọ kí ọ́ìlì lè máa ṣàn wá fúnra ẹ̀. Ínǹṣì ¾ ni mo mọ̀ pé ó kéré jù, ìyẹn làwọn tó ń tà á ń pè ní -12, tó bá jìnnà ẹ lọ sí ínǹṣì 1, ìyẹn -16. Kẹ́ ẹ sì ra hóòsì ọ́ìlì tó ní wáyà nínú. Lẹ́ẹ̀kan rí mo fi hóòsì bẹntiróò lásán ṣe é torí òun ló wà nílẹ̀, nígbà tí ọ́ìlì gbóná hóòsì rọ̀, fífà yẹn sì mú kí ògiri ẹ̀ pàdé ara wọn, ó pa pọ̀ bí ìgbà téèyàn fi ìka méjì di sítíróò mú. Géèjì lọ sí òfo. Ọpẹ́ ni pé mo dúró tì í, mo pa á lójú ẹsẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tó gòkè nínú táǹkì gbọ́dọ̀ ríbi jáde. Ẹnu míì lórí pátápátá, hóòsì ínǹṣì ¾ náà, kó lọ sínú agolo kékeré tó máa gba ọ́ìlì tó bá tẹ̀ lé e. Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò sọ fún wa pé táǹkì yín ní irú ẹ̀, ṣé ó ní?

Kẹ́ ẹ tó tan án, ẹ bọ́ bẹ́líìtì pọ́ǹpù, ẹ fi dírílì yí pọ́ǹpù lápá ibi tó ń yí sí títí géèjì á fi gbéra, kẹ́ ẹ tó dá bẹ́líìtì padà. Ẹ má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tuntun yẹn yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìsí ọ́ìlì lára bẹ́ríǹ.

BàbáẸ̀pẹ́:
Ọmọ Àgbádárìgì, o káre. Ọmọ mi Ìgbógbó, tó o bá fẹ́ wọn ọ́ìlì, orí ilẹ̀ títẹ́ ni, kí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, kó sì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń wọn ti 911 nìyẹn. Tí ọkọ̀ bá ti sùn mọ́jú, ọ́ìlì á ti jò padà sínú ẹ́ńjìnnì, o ò ní bá nǹkan nínú táǹkì, o ò wá ní mọ̀, wàá rọ lítà mẹ́ta kún un, tó o bá tan án á kún dé ọrùn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ́ìlì jáde láti òkè. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà.

ỌmọÌgbógbó:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀gbọ́n Àgbádárìgì, ẹ mú mi, hóòsì afẹ́fẹ́ táǹkì àkọ́kọ́ yẹn kò ju ìka ọmọdé lọ, ìdérí nìkan ló ń gbà mí. Mo lọ bá wẹ́dà wa ní Òdogùnyàn, mo dúró tì í láàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, a ṣan táǹkì tuntun lẹ́ẹ̀mẹ́rin torí lẹ́ẹ̀kẹta nǹkan ṣì dán lórí aṣọ funfun. Bátìrì ti wà lẹ́yìn, táǹkì ti dúró sí àyè ẹ̀ lórí rọ́bà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi di dírílì mú, èmi ń wo géèjì, ó tó ìṣẹ́jú kan kí abẹ́rẹ́ tó gbéra, ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, àmọ́ nígbà tó gbéra ó dúró.

A tan án fún ogún ìṣẹ́jú. Mo ṣí ìdérí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́: ọ́ìlì ń yí po lára ògiri bí bàbá ṣe sọ, ìsàlẹ̀ ẹ̀ dúdú, ó mọ́ lójú, ìfófó díẹ̀ ló wà láàárín, ó sì ń parẹ́ bí mo ṣe ń wò ó. Agolo tó máa gba ọ́ìlì láti òkè ló kù, Ọjọ́bọ̀ ló máa dé, ike ni mo ṣì fi gbà á báyìí. Mi ò ní gbé e lọ pápá títí yẹn á fi wọlé. Mo ti fi ọ̀dà funfun kọ ỌÌLÌ sórí ìdérí.