Kí ló mú yín lọ kọ́ ìjà ìbílẹ̀ àwọn ará Ṣáínà?

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì:
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wù mí láti kọ́ Tai Chi, ọ̀kan nínú ìjà ìbílẹ̀ Ṣáínà tí a máa ń ṣe jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ìdí tèmi kò jọ ti àwọn tí mo ń bá pàdé. Ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, kò sì rìn dáadáa mọ́ títí ó fi lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Èmi náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, mo sì ń ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ mi kì í fẹ́ balẹ̀ dáadáa bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kí n má ṣubú ni mo ń wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ kung fu fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́. Ó ní ẹni tí kò bá fẹ́ jà, kí ó máa rìn kiri àdúgbò. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó gbé ẹ̀yin débẹ̀, ṣé irú ìdí tèmi yìí sì tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ dúró níwájú olùkọ́?

Oníṣòwò aṣọ:
Ẹ kú ìbéèrè, bàbá. Ẹ̀rù ni ó gbé èmi débẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni mí, owó ọjà sì máa ń wà lára mi nígbà tí mo ń ra aṣọ ní ìlú Guangzhou ní Ṣáínà. Mo lọ kọ́ Wing Chun, irú ìjà Ṣáínà mìíràn, ní Foshan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ọmọ Foshan ni Ip Man, ẹni tí ó kọ́ Bruce Lee ní Hong Kong. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé obìnrin ni ó dá Wing Chun sílẹ̀. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àlọ́ ni, ó ṣáà dùn mọ́ mi nínú. Mo rò pé ìpá àti ariwo ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, àṣé Siu Nim Tao ni, ètò ìṣọwọ́ àkọ́kọ́ nínú Wing Chun, tí ẹsẹ̀ kì í kúrò lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbà tí a dé orí chi sau ni ojú mi là: èmi àti ẹnì kejì á fi apá kan ara wa, a ó máa yí i po bí ẹni ń ro ọkà, bí ìgúnpá mi bá sì ṣí síta díẹ̀ báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ti kàn mí láyà. Chi sau yìí ni kò jẹ́ kí n lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ní ti olè, kò tíì sí ẹni tí ó dá mi lọ́nà, nítorí náà n kò lè sọ pé ó ń gbani.

Nọ́ọ̀sì ní London:
Bàbá, ẹ má dá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lóhùn. Lóòótọ́, ìjà ni Tai Chi: abúlé Chenjiagou ní ìpínlẹ̀ Henan ni ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Yang Luchan ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìdílé Chen kí ó tó gbé e lọ sí Beijing, ìjà ni ó sì fi gba orúkọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1956, àwọn aláṣẹ eré ìdárayá ní Ṣáínà fúnra wọn ṣe ètò oníṣísẹ̀ 24, kí tọmọdé tàgbà lè máa fi wá ìlera. Tèmi, àwọn tí mo ń tọ́jú tí wọ́n ní Parkinson, àìsàn tí ó ń mú ara gbọ̀n tí kì í jẹ́ kí ènìyàn dúró dáadáa, ni mo torí wọn kọ́ ọ. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2012 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine, lórí aláìsàn 195, fi hàn pé àwọn tí ó ṣe Tai Chi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ dúró ṣinṣin ju àwọn tí ó kàn ń na ara lọ, wọn kò sì ṣubú tó wọn. Bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ ni àṣírí rẹ̀: gbogbo ìwúwo ara á wà lórí ẹsẹ̀ kan, gìgísẹ̀ kejì á kan ilẹ̀ lófìfo, ó di ìgbà tí ó bá balẹ̀ tán kí a tó gbé ara lé e. Ohun tí ẹ nílò lórí àtẹ̀gùn gan-an nìyẹn.

Ọmọ Ìbàdàn:
Fíìmù Ṣáínà ni ó kó bá tèmi, mo fẹ́ máa fò lórí òrùlé! Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, àfi pé ó fo tui shou, níbi tí ẹni méjì ti ń ti ara wọn jẹ́jẹ́, tí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ yẹ̀ sì pàdánù. Ẹni tí a kò tì rí, báwo ni yóò ṣe mọ bí a ti í dúró? Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ bóyá ó ń kọ́ni. Bí ó bá sì ní òun lè bi ènìyàn ṣubú láìfọwọ́ kàn án, ẹ gbé bàtà yín.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Orúnkún ọ̀tún máa ń dùn mí; ṣé kò ní fi kún un?

Nọ́ọ̀sì ní London:
Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú Tai Chi ti ìdílé Yang Luchan yẹn, nítorí pé ti ìdílé Chen ní fífò àti fífi ẹsẹ̀ janlẹ̀ nínú. Ẹ má lọ sílẹ̀ jù, ẹ má jẹ́ kí orúnkún kọjá ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí àga kan sì wà nítòsí tí ẹ lè dì mú ní oṣù àkọ́kọ́.