Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: bírákẹ́ẹ̀tì sìkáfóòdù tó ṣeé ká, kí n rà á ni àbí kí wẹ́dà ṣe é?

Fọ́mà Àkóbọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi n'Íbàdàn, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan. A ti kọ́ ọ tán, a ti kan páànù, a ti rẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló kù, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ààyè tó wà láàárín ògiri wa àti fẹ́ǹsì aládùúgbò kò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, sọkawéè sì wà nílẹ̀ ibẹ̀ gan-an. Mi ò lè ri ọparun sìkáfóòdù, ìyẹn ohun tí a ń gùn láti ṣiṣẹ́ lókè, mọ́lẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ọparun dúró lórí ọmọrí sọkawéè.

Lóṣù tó kọjá, mo rí àwọn kan tó ń kun ilé l'Ékòó. Irin onígun mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní bírákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ògiri, wọ́n tẹ́ pákó lé e, kò sí òpó kankan nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n ká àwọn irin náà pẹlẹbẹ, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọkàn mi fà sí i gan-an.

Ta ló ti lò ó rí nínú yín? Ṣé kí n rà á ni, àbí kí wẹ́dà àdúgbò ṣe é? Irin wo ló dára? Báwo ni mo ṣe máa dè é mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù 9 ìnṣì? Ènìyàn 2 ni yóò máa wà lórí rẹ̀, ẹni tó ń rẹ́ àti ẹni tó ń gbé kọnkéré fún un.

Bàbá Bíríkìlà Mọ́níyà

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mo ti ń mọ búlọ́ọ̀kù láti 1986, ọparun ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ọparun náà ni mo ṣì ń lò. Tó bá jẹ́ sọkawéè nìkan ló ń dà ọ́ láàmú, gbé igi 4 by 4 méjì sọdá rẹ̀, kí orí wọn sinmi lé ilẹ̀ líle lọ́tùn-ún lósì, kí o wá gbé ọparun lé igi yẹn. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, na igi láti inú fèrèsé jáde, fi igi mìíràn tì í mọ́ àjà nínú yàrá, kí o tẹ́ pákó láti fèrèsé kan dé èkejì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Irin tí o ń wí yẹn, mi ò tíì gùn ún rí.

Ọmọ Ṣakí ní Houston

Ẹ kú àárọ̀, bàbá. Mo fara mọ́ ti igi tó sọdá sọkawéè, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ti fèrèsé sílẹ̀. Kápẹ́ńtà ni mí níbí. OSHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ nínú òfin wọn pé irin tí a bá gbé sójú fèrèsé wà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójú fèrèsé yẹn nìkan, a ò gbọdọ̀ tẹ́ pákó láti ọ̀kan dé èkejì. Mo mọ ìdí rẹ̀: igi kan ṣoṣo tó bá yọ̀ nínú yàrá, gbogbo pákó ló máa bá a lọ.

Bírákẹ́ẹ̀tì ògiri tí ọ̀gá ń béèrè yìí, òun là ń lò jù níbí. Èmi á ní kí bóòtù rẹ̀ la ògiri já dé òdìkejì, ìṣó tàbí bóòtù kúkúrú tí wọ́n kàn gún sínú ògiri kò tó lójú tèmi. Èyí tó bá ṣeé ká, tí a bá ti là á tán, bóòtù tàbí pín tó ní ìdè ló gbọ́dọ̀ dì í mú kó má lè ká padà. Ìlànà tó bá òfin náà rìn tún sọ pé angle iron rẹ̀, irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L, kò gbọdọ̀ kéré sí 1¼ ìnṣì ní apá méjèèjì, kó nípọn tó 1/8 ìnṣì. Bóòtù kò gbọdọ̀ kéré sí 5/8 ìnṣì. Láti bírákẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ. Ènìyàn 2 péré ló lè wà láàárín ẹsẹ̀ 8 yẹn, ẹrù àti irinṣẹ́ wọn kò sì gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 75 lọ, ìyẹn bíi kílò 34.

Ẹ dákun, ẹ wo kílò 34 yẹn dáadáa. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Ẹni tó bá sọ pé kí ọmọṣẹ́ gbé àpò kan gòkè kí wọ́n máa pò ó lórí pákó ti kọjá ìwọ̀n náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ni pé ilé onígi ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa níbí. Ti búlọ́ọ̀kù, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀.

Wẹ́dà Bódìjà

Ọ̀gá fọ́mà, ẹ má rà á tí ẹ kò bá rí èyí tí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé sí lára. Mo ti rí àwọn kan lọ́jà tó jẹ́ páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀dà pupa tó ń dán ló bo gbogbo àṣìṣe inú rẹ̀. Ẹ wo ojú wẹ́dìn kí ẹ tó sanwó. Tó bá rí bí ìdọ̀tí adìyẹ tó kàn jókòó lórí irin, tí kò wọnú irin, ẹ dá a padà.

Tí èmi bá máa ṣe é, angle iron 2 ìnṣì tó nípọn tó mílímítà 5 ni mo máa lò, ó ju ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ní Houston kà lọ, mo sì fẹ́ kó jù ú lọ. Irin mẹ́ta ni: èyí tó sùn, tí pákó ń jókòó lé, èyí tó dúró, tó fara ti ògiri, àti èyí tó dábùú láti ìsàlẹ̀ wá gbé orí èyí tó sùn. Ẹ jẹ́ kí èyí tó dúró gùn tó èyí tó sùn, sẹ̀ǹtímítà 70 sí 70. Ibi tí irin ti ń ká, bóòtù ni kó wà níbẹ̀, kì í ṣe ìṣó, kì í ṣe irin rọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ̀ lórí.

Ihò ni mo fẹ́ tẹnu mọ́. Dírílì ni kí ẹ fi lu ihò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná ẹlẹ́kítíróòdù jó o. Ihò tí iná jó kì í yípo dáadáa, pín á máa mì nínú rẹ̀, yóò sì máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n sì fi ṣéènì kékeré so pín mọ́ ara bírákẹ́ẹ̀tì. Pín tí kò bá ní okùn á ṣáà sọnù, ọmọṣẹ́ á sì wá nǹkan mìíràn fi dípò rẹ̀.

Ìyá Àwẹ̀ró

Ọ̀rọ̀ pín tí wẹ́dà sọ yìí ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Irú irin yìí ni ọkọ mi wà lórí rẹ̀ ní 2019, ní sáìtì kan tí mi ò ní dárúkọ. Pín ọ̀kan ti sọnù láti ọjọ́ kejì iṣẹ́. Ẹnì kan fi ìṣó 4 ìnṣì dípò rẹ̀, ó tẹ orí rẹ̀, ó ní ó ti dè. Ó dè fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n gbé páànù kọnkéré kejì gòkè, ìṣó náà já, irin náà ká padà mọ́ ògiri bí ẹni pa ìwé dé. Ìgìgísẹ̀ méjèèjì ló fi balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá la lò lọ́dọ̀ oníṣègùn, títí dòní kò lè gun àkàbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka pín yín ní àràárọ̀. Kí ẹni tó ń kà á sì yàtọ̀ sí ẹni tó ń kánjú láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Fọ́mà Àkóbọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an, mà. Ọlọ́run á fún bàbá ní àlàáfíà. Mo ti kọ ti pín sílẹ̀. Ti ògiri wá ńkọ́? Búlọ́ọ̀kù oníhò ni wá o.

Ẹnjiníà Ẹ̀gbá

Ìbéèrè tí mo ti ń dúró dè nìyí. Gbogbo wa ń yẹ irin wò, bẹ́ẹ̀ ògiri ló ń gbé irin. Irin mílímítà 5 tí wẹ́dà ń sọ kò ní tètè ṣẹ́. Búlọ́ọ̀kù ló máa kọ́kọ́ sọ pé òun ò ṣe mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ sọ pé ènìyàn 2 jẹ́ kílò 160, ẹrù wọn kílò 34, pákó bíi 30. Ó di nǹkan bíi kílò 225. Tí gbogbo rẹ̀ bá bọ́ sórí bírákẹ́ẹ̀tì kan, tó sì wà láàárín irin tó sùn, bóòtù òkè á máa fà jáde kúrò lára ògiri pẹ̀lú agbára tó tó kílò 112. Tí àwọn méjèèjì bá sún sí etí ìta, ó di 225. Wàyí o, ká ní wẹ́dà dín irin tó dúró kù sí sẹ̀ǹtímítà 35 kí ó lè fúyẹ́, ìfà yẹn á di 450. Ìdí nìyí tí mo fi gba ti 70 sí 70. Òfin OSHA sì ní kí sìkáfóòdù lè gbé ìlọ́po mẹ́rin ẹrù tí a fẹ́ gbé lé e láìṣẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe ṣírò rẹ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Bóòtù òkè ń fà, ìdí irin ń ti ògiri. Méjèèjì ló lè fọ́ búlọ́ọ̀kù oníhò, torí awọ rẹ̀ kò nípọn. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe nìyí. Nínú yàrá, kí bóòtù má kàn jókòó lórí wáṣà. Ẹ fi igi 2 by 4 tó gùn tó ẹsẹ̀ 5 dábùú lára ògiri, kó kọjá lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, kí pẹlẹbẹ irin 4 ìnṣì wà lórí igi, kí nọ́ọ̀tì méjì wá tẹ̀lé e. Lóde, ẹ fi pákó kékeré sábẹ́ ìdí irin tó dúró. Búlọ́ọ̀kù tí bóòtù máa gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ fọ́ ojú rẹ̀ díẹ̀, ẹ ki kọnkéré sínú rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 7, kí ẹ máa fi omi wọ́n ọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lu ihò.

Ẹ̀yin ní oríire kan: ẹ ti kan páànù. Ẹrù wà lórí ògiri yín, ẹrù yẹn ló ń bá yín di búlọ́ọ̀kù mú. Ẹ jẹ́ kí bóòtù wà nísàlẹ̀ líńtẹ́ẹ̀lì (kọnkéré tó dábùú lórí fèrèsé) tàbí nísàlẹ̀ bíìmù dẹ́kìn (àjà kọnkéré). Ẹni tó bá gbé irú irin yìí kọ́ sórí ìlà búlọ́ọ̀kù tó kẹ́yìn lókè, tàbí fẹ́ǹsì, tàbí párápẹ́ẹ̀tì, ògiri kúkúrú etí òrùlé, tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, ògiri yẹn lódindi ló máa fà ṣubú lé ara rẹ̀. Ògiri tí wọ́n mọ lọ́sẹ̀ tó kọjá náà, ẹ má dán an wò.

Láti òkè wá sísàlẹ̀ ni kí ẹ máa rẹ́. Bí ẹ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ máa dí ihò bóòtù. Nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ da dẹ́kìn, ẹ ti páìpù PVC kékeré sínú bíìmù kí ẹ tó da kọnkéré. Ihò yín á ti wà níbẹ̀ nínú kọnkéré gidi, ẹ ò ní gbẹ́ búlọ́ọ̀kù kankan.

Bàbá Bíríkìlà Mọ́níyà

Ẹnjiníà, ọ̀rọ̀ párápẹ́ẹ̀tì yẹn, mo ti fojú mi rí i, ọparun ni wọ́n so mọ́ ọn, kì í tiẹ̀ ṣe irin. O ṣeun. Mo gba ti fèrèsé padà.

Abílékọ Peckham

Ní London níbí, òfin iṣẹ́ òkè ti 2005 ní kí wọ́n yẹ sìkáfóòdù wò ní ọjọ́ 7-7, tí ènìyàn bá lè já láti mítà 2 sókè. Irin ìdábùú òkè tó ń dènà ìṣubú gbọ́dọ̀ ga tó mílímítà 950. Mo ń sọ èyí torí mi ò tíì rí ẹni tó mẹ́nu kan ìdènà láti òwúrọ̀. Wẹ́dà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn jó páìpù kékeré sí etí ìta bírákẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè ki òpó ìdènà bọ inú rẹ̀.

Wẹ́dà Bódìjà

Òótọ́ ni, mà. Mo máa fi sí i. Mo máa ń gbàgbé rẹ̀ torí kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Fọ́mà Àkóbọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun tí mo fẹ́ ṣe rèé. Wẹ́dà á ṣe bírákẹ́ẹ̀tì 6 fún mi, angle iron 2 ìnṣì, 70 sí 70, ihò dírílì, pín pẹ̀lú ṣéènì, páìpù fún ìdènà. Bóòtù 16 mílímítà. Ẹsẹ̀ bàtà 6 ni màá fi sáàárín wọn, mi ò ní dé 8, pákó 2 ìnṣì méjì á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kọnkéré á máa fi páànù gòkè ní ìdajì-ìdajì, ìsàlẹ̀ la ó ti máa pò ó. Lọ́la la máa bẹ̀rẹ̀ sí í ki búlọ́ọ̀kù.

Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n dán an wò kí ènìyàn tó gùn ún?

Ẹnjiníà Ẹ̀gbá

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ́ méjì sára ògiri kan náà ní ẹsẹ̀ 2 péré sílẹ̀, ẹ tẹ́ pákó, ẹ to àpò yanrìn lé e títí dé ìlọ́po méjì ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé, kí ó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ wo igi inú yàrá bóyá ó ti tẹ̀, ẹ wo ìdí irin bóyá ó ti wọnú búlọ́ọ̀kù, ẹ wo ojú wẹ́dìn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá Bíríkìlà Mọ́níyà

Ọjọ́ wo lẹ máa to yanrìn náà? Mo fẹ́ wá wò ó. Mọ́níyà kò jìnnà sí Àkóbọ̀.

Fọ́mà Àkóbọ̀

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bàbá, lẹ́yìn tí kọnkéré bá ti pé ọjọ́ 7. Màá pè yín.